Wákàtí Mẹ́ta Ààbọ̀ Lórí Ìwé

"Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ má tíì jókòó o, aago ṣì ń kà!"

Bàbá àgbà dúró, ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó sì kọ nǹkan sí i. Pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọ́n wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí. Ìyípo méjì ààbọ̀ pápá náà ni kìlómítà kan géérégé, ìgbà kẹrin sì nìyí tí bàbá rìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ó yá, kí ni ìdájọ́?" ni bàbá bèèrè.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Àwọn ọmọ ìwòyí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, méjìlá ni tèmi, àpò lẹ́tà sì wà léjìká."

"Bàbá àgbà, mẹ́tàlá lẹ pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni mò ń rántí rẹ̀ dáadáa sí i," ni bàbá wí, ó sì jókòó sórí àpáta láìdúró de àṣẹ.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi gbé lẹ́tà kiri. Láyé ìgbà tí ọ̀nà ọkọ̀ kò tíì dé àwọn abúlé ẹ̀yìn òkè, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ìwé dé ibẹ̀: ọjọ́ mẹ́rin ní àlọ, abúlé mẹ́rin, ilé èrò mẹ́rin. Títí dòní, Bàbá Lẹ́tà ni tọmọdé tàgbà ń pè é ládùúgbò. Ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti dà bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dógùn-ún. Bí ó bá ń dìde, ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí dókítà fi ọ̀bẹ kàn án. Kí ọjọ́ náà tó pé, bàbá fẹ́ rin ọ̀nà àtijọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé èrò kẹrin, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ṣì ti ń gba àlejò bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ti ń di bàìbàì.

Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àfi ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí. "Bí ọ̀bẹ bá ti wọ orúnkún," ni ó wí fún un lọ́jọ́ kan, "ta ló mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà á tún jẹ́ tèmi? Mo fẹ́ kí òun àti èmi jọ kí ọ̀rẹ́ mi pé ó dìgbà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọbìnrin náà lára ṣinṣin. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti mú ètò ìrìn náà bí iṣẹ́. Ìyá Ètò ni bàbá ń pè é láti kékeré, nítorí kò lè ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti kọ "wíwẹ̀" àti "fífi ọṣẹ pa ara" sórí ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Òun náà ni kò sì jẹ́ kí ètò yìí ṣákìí. Ó yá àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, ó fi òwú ìránṣọ tẹ̀lé gbogbo kọ́rọ́kọ̀rọ̀ ọ̀nà náà, ó sì fi rúlà wọn òwú náà. Ó tẹ àwọn onílé èrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láago. Ẹni kìn-ín-ní sọ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbogbo yàrá òun wà. Ìyá Ètò bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti gbé ibùsùn kan sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ ibi tí omi wà, ibi tí igi ńlá wà fún ìsinmi, ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì, bándéèjì, abẹ́rẹ́ tí a ó fi lu ẹsẹ̀ tó bá lé ròrò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ kì í sì í fo ohun tó bá kan ara ènìyàn. Àṣẹ kan ṣoṣo ni ó pa. "Dókítà ní ẹsẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ rìn ju wákàtí mẹ́rin lọ lóòjọ́, Bàbá. Ẹ kọ ètò yín, kí n rí i. Bí ọjọ́ kan péré bá kọjá mẹ́rin, a jẹ́ pé ilé lẹ ó jókòó sí."

Nígbà tí ìṣirò wá parí, inú Ìyá Ètò bàjẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní jẹ́ kìlómítà mẹ́jọ. Bí a bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀, wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ìyẹn dára. Ọjọ́ kẹrin tilẹ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kìlómítà mẹ́rìnlá ni ọjọ́ kejì, mẹ́rìndínlógún sì ni ọjọ́ kẹta. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lórí tábìlì ìjẹun, kò yí padà: wákàtí mẹ́fà ó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí mẹ́fà ó lé ogójì ìṣẹ́jú.

"A lè pín ọjọ́ méjèèjì sí méjì-méjì," ni ó wí fún bàbá. "Àwọn abúlé kéékèèké wà láàárín. Wọn kò ní ilé èrò, ṣùgbọ́n mo lè wádìí ẹni tó máa gbà wá sílé. Á di ọjọ́ mẹ́fà."

"Ọjọ́ mẹ́fà?" Bàbá kọ háà. "Ọ̀nà tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin rìn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n? Ṣé kí n dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, kí ó ní, 'Ìjàpá, o kú àbọ̀'?"

"Ó sàn ju kí a má lọ rárá."

Bàbá wo ìwé náà, ó wo ojú ọ̀nà yàrá ìdáná níbi tí ìyá ọmọ ti ń fọ abọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Ètò. Ẹsẹ̀ ta lo fi wọn ọ̀nà yìí?"

"Ẹsẹ̀ yín ni."

"Fi tìrẹ wọ̀n ọ́n wò."

Ìṣirò náà kò gba àkókò. Kìlómítà mẹ́rìnlá lọ́nà ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Mẹ́rìndínlógún, wákàtí mẹ́rin géérégé. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi òṣùwọ̀n dókítà rán an.

"Ṣé o rí i?" ni bàbá wí. "Òótọ́ náà ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló kúkú wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹsẹ̀ ewúrẹ́."

Ẹ̀rín pa ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ òun ni dókítà ń sọ. Ó sì tún mọ bí ojú bàbá ṣe rí lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò fi nọ́ńbà méjì lásán du àgbàlagbà ní ohun tó ń wù ú? Ó mú bírò. Ó kọ ọ́ nigínnigín, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: ọjọ́ kejì, gbéra ní aago mẹ́jọ, dé ní aago mọ́kànlá ààbọ̀.

Ìyá rẹ̀ fara balẹ̀ ka ìwé náà bí ẹni ń ka ìwé aláìsàn. Ìka rẹ̀ dúró lórí ọjọ́ kejì.

"Mẹ́ta ààbọ̀. Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Kì í ṣe ẹni tó ń bi ọmọ yìí léèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ ọmọ náà mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn mú fóònù, ó ya àwòrán ìwé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn onílé èrò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú lè mọ ìgbà tí yóò máa retí wọn. Ìyá Ètò rí i bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò ronú kan èyí. Ó yí ojú kúrò, ó sì lọ di àpò bàbá.

Ọjọ́ kìn-ín-ní lọ wẹ́rẹ́. Bàbá ń tọ́ka igi, ó ń sọ ìtàn ajá tó lé e wọ inú odò pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́tàdínlógójì lọ́wọ́. Kí aago méjìlá tó lù, wọ́n ti dé ilé èrò, wọ́n sun oorun àsùnwọra lórí ibùsùn ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀nà wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, bàbá ṣì ń fi ọ̀pá lu koríko. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ìtàn tán lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wo nǹkan: ó wo ẹyẹ, ó wo kòkòrò, ó wo òkúta tí kò ní ohunkóhun lára. Ọmọ náà mọ̀ pé orúnkún ló ń wò, kì í ṣe òkúta. Nígbà tí aago rẹ̀ lu mọ́kànlá ààbọ̀, wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Ó gbé fóònù sókè, ó gbé e sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká padà."

"Iwájú àti ẹ̀yìn, ọgbọọgba ni wọ́n báyìí. Rìn, ọmọ mi."

Ó gbé àpò bàbá kọ́ àyà, ó gbé tirẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fún un ní èjìká láti dì mú. Báyìí ni wọ́n ṣe rìn ín, ìsinmi lórí ìsinmi. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n wọ abúlé. Orúnkún bàbá ti kún inú ṣòkòtò.

Àgádágodo ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé èrò. Ìyá Ètò fi ojú sí gíláàsì fèrèsé. Ó rí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé, abọ́ méjì tí wọ́n fi abọ́ dé, ife méjì, àga kan tí wọ́n ti gbé tìmùtìmù sí, àpótí kékeré sì wà níwájú rẹ̀ fún ẹni tí yóò na ẹsẹ̀.

Lódìkejì ọ̀nà, télọ̀ kan dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. "Ẹ̀yin ni àlejò aago mọ́kànlá ààbọ̀?"

"Àwa ni, sà."

"Ẹ kú ewu o! Ìyá onílé èrò ti lọ wá yín láti aago kan. Wọ́n ní bóyá ẹ ti ṣubú sí odò."

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé àga fún bàbá tí ọkọ̀ kan fi ya wọlé. Ìyá ọmọ ló sọ̀ kalẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Aago méjìlá ààbọ̀ ló ti tẹ ilé èrò láago; wọ́n ní kò sí ẹni tó dé. Ó tẹ fóònù bàbá, kò wọlé; ó tẹ ti ọmọ, kò wọlé. Ó bẹ nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó bá a dúró ti àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù, ó sì wa ọkọ̀ yí òkè náà po. Ó wo bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè.

Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí onílé èrò dé. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, aṣọ rẹ̀ tutù dé ìbàdí, ó sì fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Bí ó ṣe rí wọn ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wà láàyè! Ọpẹ́ o! Mo ní àgbàlagbà tó yẹ kó dé ní mọ́kànlá ààbọ̀, tí aago kan lù tí n kò rí i, nǹkan ti ṣe é. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ létí odò ni mo gbà. Òkúta ibẹ̀ ló yọ̀ mí."

Nọ́ọ̀sì fi orúnkún bàbá sílẹ̀, ó gba ọwọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Obìnrin náà ṣẹ́jú. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ti rọ́. Bándéèjì tí Ìyá Ètò kọ sínú ètò rẹ̀ fún orúnkún, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi dì. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó wúwo."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ta ni yóò wá fa omi fún àwọn èrò mi?" Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú.

"Kí ló dá yín dúró lójú ọ̀nà, Bàbá?" ni ìyá ọmọ bèèrè.

"Kò sí nǹkan kan," ni bàbá dáhùn kíákíá. "A kàn ń wo igi, a ń wo ẹyẹ. Ọjọ́ lọ mọ́ wa lọ́wọ́ ni."

"Ẹ má bínú sí mi o," ni onílé èrò wí. "Èmi ni mo kù gìrì. Ǹ bá jókòó jẹ́jẹ́, ẹ̀ bá bá ilé ní ṣíṣí, oúnjẹ ì bá sì gbóná. Àṣìṣe mi ni."

Ìyá ọmọ mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì ṣí fóònù wo ètò náà. "Ọ̀la, wákàtí mẹ́rin, ọ̀nà títẹ́jú. Bí mo bá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ sinmi lọ́la, tí wíwú yìí bá lọ sílẹ̀ lọ́túnla, tí mo sì bá yín rìn…" Ó wo bàbá rẹ̀. Ọmọ ló kúkú jẹ́ fún un. Òun náà mọ ohun tí ilé èrò kẹrin jẹ́. "Bóyá. Mo ní bóyá ni o."

Ojú bàbá tàn. Ó yí i sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò la ẹnu, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ hàn gbangba: *dákẹ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.*

Dídákẹ́ kò lè ṣòro. Ọ̀rọ̀ kankan kò tilẹ̀ ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ètò wo bándéèjì funfun lọ́wọ́ obìnrin tí kò rí i rí títí di òní, obìnrin tó gbé àpótí sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ tí kò mọ̀, tó wọ odò nítorí nọ́ńbà kan, tó sì tún ń tọrọ àforíjì. Ara rẹ̀ kò gbà á.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe àṣìṣe, mà," ni ó wí. "A kò wo ẹyẹ kankan. Wákàtí mẹ́fà ni ọ̀nà òní lẹ́sẹ̀ bàbá àgbà. Mo ti mọ̀ láti ilé. Ẹsẹ̀ tèmi ni mo fi kọ mẹ́ta ààbọ̀. Ti ọ̀la kì í ṣe mẹ́rin, Mọ́mì. Mẹ́fà ó lé ogójì ìṣẹ́jú ni, pẹ̀lú orúnkún tí kò wú."

Télọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

Bàbá ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ni ó wí, orí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ má bá ọmọ náà wí."

"Ẹ kọ́ ọ, Bàbá. Òun ló mú bírò." Ìyá ọmọ kò pariwo, ìbá sàn bí ó bá pariwo. Ó yí sí ọmọ rẹ̀. "O rò pé èmi nìkan lo parọ́ fún. Ìwé ètò kì í ṣe lẹ́tà tí a lẹ̀ ní ẹnu, tí ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ń ṣí. Gbogbo ẹni tó bá kà á ló ń fi gbé ẹsẹ̀. Tìrẹ ló mú kí n fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀. Tìrẹ ló mú kí ìyá yìí wọ odò."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú onílé èrò, omijé sì gba ojú rẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ tó dá ṣáká fà á dìde. "Ó ti tó. Ìwọ tó mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀, ṣé o mọ omi í fà?"

Báyìí ni ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ṣe parí ní ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé bàbá sínú ọkọ̀ lọ sílé. Láti inú ọkọ̀ ló ti tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago pé òun kò ní lè wá. Ó pẹ́ kí ó tó gbé fóònù náà kúrò létí lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá Ètò kò bá wọn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun yóò dúró, ìyá rẹ̀ kò sì jiyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó fi ń fa omi, tó ń gbálẹ̀, tó ń tẹ́ ibùsùn, tó sì ń dá àwọn èrò lóhùn lórí fóònù. Ó rí i pé àwọn èrò kì í fẹ́ gbọ́ pé ọ̀nà jìn. Ó ń sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a bínú, àwọn kan a yí ètò wọn padà. Kò sí ẹni tí wọ́n tún wá lọ sí odò.

Iṣẹ́ abẹ bàbá yọrí sí rere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oṣù ni yóò fi máa fi ọ̀pá rìn nínú ilé kí ó tó kan ìta. Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dá a padà sílé, ó ránṣẹ́ pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Dókítà ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, mo lè gbìyànjú. Ọjọ́ mélòó ló máa gbà?"

"Bàbá àgbà, mẹ́fà ni. Ó tilẹ̀ lè di méje."

Bàbá wo orúnkún rẹ̀ tí wọ́n dì, ó wo àjà ilé.

"Kọ méje," ni ó wí. "Kí o sì yáa fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kíákíá, kí n tó rántí pé méjìlá ni ìṣẹ́jú mi."

Irọ́ tí a pa nítorí ìfẹ́, irọ́ náà ni. Kì í mọ ilé ẹni tí a rán an sí. Ilé ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yà. Bí ẹ bá fẹ́ran ẹnìkan, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó fún un, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bá a wá ọjọ́ tí yóò tó fún un láti rìn ín.